Ibi tí ìṣirò x àti y ti ń dojú rú

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ ní áljẹ́brà ló gbà pé ìdọ́gba méjì tó ní x àti y nínú le, ṣùgbọ́n bí mo bá gba ìwé wọn wò, mo máa ń rí i pé wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló da iṣẹ́ wọn rú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jókòó ti àpẹẹrẹ kan, ká tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 2x + 3y = 17 àti 2x − 5y = −7. Iye tí à ń wá fún x àti y gbọ́dọ̀ bá ìdọ́gba méjèèjì mu. Níwọ̀n bí apá òsì àti apá ọ̀tún ìdọ́gba kejì ti jẹ́ iye kan náà, bí a bá yọ òsì rẹ̀ kúrò lára òsì ìkíní, tí a sì yọ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lára ọ̀tún, a kò ṣe ojúsàájú, ohun tó kù yóò sì dọ́gba síbẹ̀. 2x á pa 2x rẹ́, y nìkan ni yóò kù.

Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí 3y lókè, wọ́n á rí −5y nísàlẹ̀, wọ́n á sì sáré kọ −2y. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbèsè ni −5y. Ẹni tí a bá sì yọ gbèsè kúrò lọ́rùn rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Nítorí náà, 3y − (−5y) di 3y + 5y, ìyẹn 8y, 17 − (−7) sì di 24. y jẹ́ 3; bí a bá fi 3 rọ́pò y nínú ìdọ́gba kìíní, 2x + 9 = 17, x sì jẹ́ 4.

Ẹ wá wo ẹni tó kọ −2y = 24. y tirẹ̀ á jẹ́ −12, x á sì jẹ́ 26.5. Bó bá dá wọn padà sínú ìdọ́gba kìíní, 53 − 36 jẹ́ 17 lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìdọ́gba yẹn kan náà ló ti rí x, kò sí bí kò ṣe ní bá a mu! Ìkejì ni ẹlẹ́rìí tòótọ́: 53 + 60 jẹ́ 113, kì í ṣe −7. Ẹ jọ̀wọ́, inú ìdọ́gba tí ẹ kò fi wá iye tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí lẹ́tà kan bá ti dá dúró, bíi y = 4x − 1, fífi 4x − 1 rọ́pò y nínú ìdọ́gba kejì ló yá jù. Bí lẹ́tà bá di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyọkúrò ni mo fara mọ́. Orúkọ Gauss, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1777, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ọ̀pá ìkàyé ṣe é ṣáájú kí Liu Hui, onímọ̀ ìṣirò wọn kan, tó kọ àlàyé lé e lórí ní ọdún 263.

Nígbà mìíràn, lẹ́tà méjèèjì á pòórá. Bí ìdọ́gba kejì nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́ bá jẹ́ 4x + 6y = 34, tí a sì fi 2 sọ ìkíní di púpọ̀ kí a tó yọ ìkejì kúrò lára rẹ̀, 0 = 0 ni yóò kù, nítorí ìlọ́po méjì ìkíní ni; àìlóǹkà iye ló bá wọn mu. Bó bá jẹ́ 4x + 6y = 30, a ó rí 0 = 4, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdáhùn: bí a bá ya ìdọ́gba méjèèjì sórí gíráàfù, ìlà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpàdé ni wọ́n.