Omi ti gbé ilé lọ, lẹ́tà Medicaid ṣì ń lọ síbẹ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan tó ń gba Medicaid (ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tí owó wọn kéré) lọ́wọ́ èèyàn lẹ́yìn ìjì ńlá kì í ṣe ìjì yẹn fúnra ẹ̀, lẹ́tà ni. Iṣẹ́ mi l'Amẹ́ríkà níbí ni kí n máa bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù Medicaid, mo sì ti rí i títí ó sú mi: omi wọlé, onílé sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ míì, nígbà tó yá ìjọba kọ̀wé pé kó wá sọ iye tó ń wọlé fún un, lẹ́tà lọ bá ilé tí ò lórùlé mọ́, kò sẹ́ni tó fèsì, wọ́n bá pa káàdì ẹ̀. Ọjọ́ tó lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní kẹ́mísì ló tó mọ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa kan òrùlé, ẹ pe ofíìsì Medicaid ìpínlẹ̀ yín, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tó ń lọ àti ibi tí lẹ́tà ti lè bá yín. Tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ̀ ń sùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí wọ́n lé èèyàn torí pé kò ní àdírẹ́sì kan pàtó. Akọ̀wé tó bá ní àfi kẹ́ ẹ mú bíìlì iná wá, ẹ ní kó pe ọ̀gá ẹ̀.

Ibi tó le nìyí o. Láti 1965 tí Medicaid ti wà, ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń sanwó ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀, káàdì Louisiana kì í ṣe káàdì Texas. Ní July 2016 Louisiana ṣílẹ̀kùn fún àwọn àgbàlagbà tí owó wọn ò kọjá ìdá 138 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba fà, Texas ò ṣe é. Ẹni tí ò lọ́mọ, tí ò sì ní ìpèníjà ara, tó bá kúrò ní Louisiana sọdá ààlà lọ sí Houston ní Texas tó wá sọ fún akọ̀wé pé "mo ti kó wá síbí pátápátá", ọ̀rọ̀ yẹn lè gba ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ padà sílé, ẹ sọ ọ́ ketekete pé ìgbà díẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ yín ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ yọ yín, tí àìsàn pàjáwìrì bá sì dé lọ́hùn-ún, àwọn ló máa san án. Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́ o, mo ní kẹ́ ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Dókítà tó máa gba káàdì ìpínlẹ̀ míì fún àyẹ̀wò lásán ṣọ̀wọ́n ṣá.

Nígbà ìjì Katrina tó ba Louisiana jẹ́, August 2005, ìjọba àpapọ̀ fún Texas àtàwọn ìpínlẹ̀ míì ní ìyọ̀ǹda àkànṣe, àwọn tó sá wá lè gba Medicaid fún oṣù 5, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì tó ẹ̀rí torí ìwé ti bómi lọ. Síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí ò lọ́mọ, tí ò sì ní ìpèníjà ara, tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìta náà ni wọ́n wà. New York ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìkọlù àwọn apániláyà ní September 11, 2001 (ìyẹn kì í ṣe ìjì, mo mọ̀), fọ́ọ̀mù ojú ewé kan péré, èèyàn tó lé ní 300,000 ló wọlé láàárín oṣù 4. Ojú ewé kan! Irú ìyọ̀ǹda báyìí kì í dédé wá, ìpínlẹ̀ ló ń bèèrè ẹ̀, torí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti bèèrè.

Owó FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ fáwọn tí àjálù bá, ńkọ́? Wọn kì í kà á mọ́ owó tó ń wọlé, ẹ gbà á. Tí iṣẹ́ bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé owó yín pọ̀ jù, ẹ tún kọ fọ́ọ̀mù, owó tó ń wọlé báyìí ni wọ́n ń wò, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í gba fọ́ọ̀mù.

Màmá kan gbé ìgò oògùn mẹ́fà wá bá mi nínú ọ̀rá, omi ti fọ gbogbo tádàwà ara wọn, àfi ọ̀kan tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣì hàn fírífírí. Nọ́ńbà yẹn la kà fún kẹ́mísì lórí fóònù, òun ni wọ́n fi rí márùn-ún tó kù. Ẹ yáa fi fóònù ya ìgò yín àti káàdì yín lónìí.

Tí lẹ́tà ìyọkúrò bá sì ti dé, ẹ bèèrè ìgbẹ́jọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ tó pé, káàdì á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dájọ́. Ẹ má sì ju àpòòwé ẹ̀ nù, òǹtẹ̀ ara ẹ̀ lẹ máa fi hàn wọ́n pé ó pẹ́ lọ́nà kó tó bá yín.