Ìkọlù New York kọ́ ló gé apá Dodo

Ó ti tún dé. Ẹnìkan á gbé àwòrán Dodo, bààlúù pẹnpẹ inú géèmù Grand Theft Auto III (GTA III), jáde, èyí tí apá rẹ̀ kúrú bíi ti adìẹ tí wọ́n gé ìyẹ́ rẹ̀ kó má baà fo ọgbà, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan á fi dé tòun ti àlàyé: "Ṣé ẹ mọ̀ pé nítorí ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣe gé apá yẹn? Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé bààlúù lọ kọlu ilé gogoro." Gbogbo èèyàn á ní háà! Ẹlòmíì á tún bu iyọ̀ sí i pé bààlúù ọ̀hún ò lè fò rárá, pé ṣe ni wọ́n kàn gbé e sí pápá fún ẹwà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ti fífò. Dodo ń fò. (Kì í ṣe dòdò tí wọ́n ń bù sórí ìrẹsì ni mò ń wí o. Ẹyẹ erékùṣù Mauritius tó ti run láyé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹyẹ tí kò lè fò nígbà ayé rẹ̀. Ó hàn pé ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.) Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ̀rí, kó ṣí ojú ewé tí géèmù náà ti ń ṣírò gbogbo ohun tí èèyàn bá gbé ṣe: iye ẹni tó pa, iye ọkọ̀ tó bàjẹ́, bí ibi tó fẹsẹ̀ rìn ṣe jìn tó. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìgbà tó gùn jù lọ tí èèyàn fi fò nínú Dodo. Ta ló ń fi aago sọ́ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀?

Bí irọ́ pé kò lè fò ṣe ráyè wọlé sọ́dọ̀ tiwa nílẹ̀ yìí, ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n. Erékùṣù mẹ́ta ló para pọ̀ di Liberty City: Portland, Staunton Island àti Shoreside Vale. Orí ìkẹta yìí ni pápákọ̀ òfúrufú Francis International wà, ibẹ̀ sì ni Dodo wà. Èèyàn ò lè gba ọ̀nà tó tọ́ débẹ̀ àfi tó bá ti jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá ọ̀daràn Portland tán, tó sì tún ti sin àwọn ti Staunton pẹ́. Ìyẹn gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì gba memory card, káàdì kékeré tí a fi ń tọ́jú ibi tí a gbá géèmù dé. Ní ilé géèmù tí wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú gbowó, mélòó ló ń gbé memory card kalẹ̀ fún oníbàárà? Tí wọ́n bá ti pa PS2 (PlayStation 2, ẹ̀rọ tí a fi ń gbá a), làálàá ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti wọgbó, lọ́la Portland náà la ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbá GTA III títí tọ́wọ́ fi ń ro wọ́n tí wọn ò fojú kan Shoreside Vale rí. Ẹnu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ nípa Dodo. Àwọn díẹ̀ tó sì débẹ̀, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sáré, ó gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ó tún balẹ̀ gbì, wọ́n bú u, wọ́n bọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn kò ṣòro yé. Ẹ gbé Dodo sí ìbẹ̀rẹ̀ pápá, kí ẹ tẹ X mọ́lẹ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀. Tó bá ti sáré dáadáa, imú rẹ̀ á gbé sókè fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣe: ọkàn wọn á ní kí wọ́n fa ọ̀pá pádì sẹ́yìn kó lè máa gòkè lọ. Tí wọ́n bá fà á, imú á kọjú sọ́run, eré á kú mọ́ ọn nínú, á sì já wálẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló yẹ. Bí imú bá ti ń gòkè, ẹ ti ọ̀pá síwájú, kí ẹ fi agbára tẹ imú náà wálẹ̀; eré á padà sára rẹ̀; ẹ rọ ọwọ́ díẹ̀, kó gbé; ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa bá a fà á títí. Tí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ kàn fọwọ́ bà á ni, torí ẹni tó bá yí i wìrì á rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti dẹ̀ wálẹ̀, omi sì ti ń sún mọ́ ọn. Claude, ẹni tí à ń darí nínú géèmù náà, kò mọ odò wẹ̀, kò sì sí páráṣúùtì nínú géèmù yẹn, nítorí náà ibi tó bá já sí ni ó gbẹ̀yìn sí. Mo ti rí ẹni tó gbé e yí gbogbo ìlú po tó sì padà wá sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pápá láìsí ohun tó fọ́. Àwọn èèyàn wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo bí ẹni pé òun ló bí bààlúù.

Ọ̀rọ̀ New York wá ńkọ́? Mi ò sọ pé ìkọlù yẹn kò kan géèmù náà o. Ó kàn án. Manhattan ní New York ni ọ́fíìsì Rockstar, ilé iṣẹ́ tó gbé géèmù náà jáde, wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Edinburgh ní Scotland ni àwọn DMA Design ti ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ló yẹ kó jáde, wọ́n sún un síwájú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá bọ́ sí ọjọ́ 22 oṣù náà ní Amẹ́ríkà. Àwọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá tó jọ ti New York tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i padà sí dúdú àti funfun bíi ti Los Angeles. Wọ́n pààrọ̀ àwòrán iwájú páálí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tó wá di àmì tí a fi ń dá gbogbo GTA mọ̀ títí dòní, nígbà tí ti Yúróòpù kò yí padà. Wọ́n yọ iṣẹ́ kan tó mẹ́nu ba àwọn apániláyà kúrò. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe lẹ́nu àwọn tó ń rìn lójú títì àti lórí rédíò. Wọ́n sì ní ọ̀nà tí bààlúù ń gbà lójú òfúrufú, wọ́n tún un ṣe kó má baà dà bíi pé ó ń forí sọ ilé gogoro. Dan Houser, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìtàn géèmù náà, sọ pé tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ó jọ lójú mi pé inú ti ọ̀nà òfúrufú yẹn ni irọ́ ti yọ. Wọ́n tún ọ̀nà bààlúù ṣe. Ó kọjá lẹ́nu ẹnìkan sí ẹnìkejì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta, ó ti di apá bààlúù.

Ohun kan wà tí mo máa ń bi àwọn tó gbà á gbọ́, tí mi ò tíì rí ẹni dá mi lóhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ká ní ìbẹ̀rù bààlúù ló mú wọn gé apá Dodo, àwọn bààlúù yòókù ńkọ́? Àwọn ńlá tó ń kó èrò ń kọjá lórí Liberty City, wọ́n ń balẹ̀ sí Francis International, apá wọn pé. Bààlúù kékeré kan náà wà tó jọ Dodo bí ìbejì, tó yàtọ̀ ní ti pé apá tirẹ̀ gùn dáadáa. A kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń fò káàkiri, ojú gbogbo wa là ń fi rí i. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní A Drop in the Ocean, tí Donald Love ń ránni, bààlúù kékeré ló ń ju ẹrù sínú òkun tí èèyàn á fi ọkọ̀ ojú omi máa ṣà á.

Ìyẹn tiẹ̀ rọ̀. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n ń pè ní S.A.M. Asuka, obìnrin ọ̀gá ọ̀daràn kan nínú ìtàn náà, ló ń bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ náà: kí o lọ lúgọ sórí omi lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú pẹ̀lú ìbọn arọ̀kẹ́ẹ̀tì léjìká, kí o dúró de bààlúù kan tó fẹ́ balẹ̀, kí o yìn ín lulẹ̀, kí o sì sáré lọ ṣa ẹrù tó fọ́n ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn ìkọlù ni géèmù tí iṣẹ́ yìí wà nínú rẹ̀ dé orí àtẹ. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ṣé àwọn tó jókòó sí Manhattan, tí èéfín ilé tó wó kò tíì kúrò nímú wọn, wá gé apá bààlúù tó wà lórí ìdúró, kí wọ́n tó fi èyí tí a ó yìnbọn já láti òfúrufú sílẹ̀? Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi, mo ti jókòó.

Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n gbàgbé. Wọ́n gbàgbé odidi iṣẹ́ kan tó ní orúkọ, tó ní ohùn, tó ní owó ẹ̀san, ṣùgbọ́n wọ́n rántí apá. Àwọn mìíràn ní bààlúù S.A.M. kéré, kò jọ èyí tó wó ilé. Dodo náà kéré. Ẹnìkan sọ fún mi pé ti S.A.M. kò kan ilé gogoro, ó yàtọ̀. Mo gbà fún un, ó yàtọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé apá kò dí Dodo lọ́wọ́ ilé gogoro kankan: ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ lè gbé e lọ sí Staunton níbi tí àwọn ilé gíga wà, kó sì forí rẹ̀ sọ ọ́. Ilé ò ní ṣe ohunkóhun, bààlúù ló máa bàjẹ́. Tí èyí bá ń dùn wọ́n lọ́kàn, ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tàbí kí wọ́n kúkú gbé e kúrò lórí pápá?

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Orí òwe yẹn ni gbogbo ìgbàgbọ́ yìí dúró lé. Ìkọlù wáyé ní oṣù Kẹsàn-án, géèmù jáde ní oṣù Kẹwàá, nítorí náà gbogbo ohun tó bá rí játijàti nínú rẹ̀, New York ló fà á. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ara ọmọ ò tiẹ̀ ti ń yá kí àjẹ́ tó ké.

Èmi rò pé ara ọmọ ò yá, pé àìtó agbára ẹ̀rọ ló mú kí apá kúrú, kì í ṣe ìkọlù. Megabyte 32 ni ìrántí PS2. Ìlú náà kò lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí DVD ni wọ́n ti ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Tí èèyàn bá kọjá láti erékùṣù kan sí òmíràn, géèmù á dúró, á kí i káàbọ̀, títí tó fi máa gbé ti ọ̀hún wọlé. Erékùṣù tó wà lókèèrè, àwòrán rẹ̀ gbáàgbàà ni wọ́n ń fi hàn wá. Ẹni tó wà nílẹ̀, tó ń wòkè, ni wọ́n kọ́ ìlú náà fún. Ẹni tó bá fò, àṣírí ni yóò máa rí. Lẹ́yìn òkè Shoreside Vale, títì kékeré kan wà tí àwọn tó ń gbá géèmù náà sọ ní Ghost Town. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ìdigunjalè báńkì tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, níbi tí Catalina, ọ̀rẹ́bìnrin Claude, ti yìnbọn fún un. Iwájú ilé nìkan ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kò sí ẹ̀yìn, àwọn ibòmíì sì wà tí ilẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ dúró. Dodo ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ká ní apá rẹ̀ pé tó sì rọrùn fún gbogbo ayé láti fò, ọ̀sẹ̀ kìíní ni gbogbo wa ì bá ti kó lọ wo ẹ̀yìn ìtàgé.

Nígbà tí wọ́n gbé Vice City dé ní 2002, bààlúù ojú omi wà nínú rẹ̀, hẹlikópítà wà. San Andreas ti 2004 gbé Dodo padà wá pẹ̀lú apá tó gùn, pẹ̀lú bààlúù akérò ńlá tí èèyàn lè jí gbé. Tó bá jẹ́ ọ̀fọ̀ ló gé apá, ọ̀fọ̀ náà tètè tán. Lóòótọ́, ẹnìkan lè ní ọdún kan tó fún ọ̀fọ̀, mi ò lè bá a jiyàn ìyẹn. Mi ò sì ní gbé ọwọ́ sókè búra pé nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹsàn-án yẹn, kò sí ẹnìkan tó wo Dodo tó ní, "Ó dára bí apá yìí ṣe kúrú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan yọ̀ pé wọn kò mú un gùn yàtọ̀ sí kó mú ọ̀bẹ gé e, ti ọ̀bẹ yìí ni mo sì ń sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè.

Èyí tó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé wọ́n ti ń fi irọ́ náà pa owó báyìí. Mo rí i tí wọ́n ń pín fáìlì pé "GTA III ṣáájú ìkọlù, Dodo tí wọn ò tíì gé apá rẹ̀", fún fóònù Android. Ẹ má gbà á. Èyí tí Rockstar fúnra wọn gbé jáde fún fóònù ní 2011, apá kúkúrú náà ló gbé wá. Apá gígùn tí ẹ bá rí nínú fídíò, ọwọ́ àwọn tó ń tún fáìlì géèmù ṣe lórí kọ̀ǹpútà ló ti wá, wọn kì í sì í fi pamọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Ẹ wo ohun tí fáìlì àjèjì bẹ́ẹ̀ ń bèèrè nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí fóònù: ó fẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ó fẹ́ wo nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀. Kí ni Claude tí kì í sọ̀rọ̀ fẹ́ fi nọ́ńbà èèyàn ṣe? Inú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni báńkì ń fi kóòdù owó yín ránṣẹ́ sí. Ẹni tí Dodo alápá gígùn bá ń wù lóòótọ́, kó wá San Andreas tó dájú rà. Ó wà níbẹ̀, ó ń fò geere, kò sì ní bèèrè nọ́ńbà ìyá ẹnikẹ́ni.