Ṣé lóòótọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ̀gá di aṣíwájú?

"Ẹ jẹ́ kó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣíwájú, á yí padà." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀gá ń jágbe mọ́ òṣìṣẹ́: ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn alàgbà ń jà sí ipò nínú ìjọ: ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á gbé sátífíkéètì dání ya fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ èèyàn rí kò nílò ẹ̀rí kankan lórí èyí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ń bí mi nínú. Ní 1953, Edwin Fleishman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn fóòmàn ilé iṣẹ́ International Harvester, àwọn tó ń ṣe katakata. Wọ́n ti kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń gba ti ọmọ iṣẹ́ rò. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ parí, èrò wọn ti yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Irú ọ̀gá tó wà lórí fóòmàn ló hàn jù nínú bí òun náà ṣe ń ṣe sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Báwo ni Fleishman ṣe mọ̀? Ó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ léèrè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín fún wa lọ́jọ́ ìparí ńkọ́? Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀? Ṣé olùkọ́ mọ̀ ọ́n kọ́? Ní 1959, Donald Kirkpatrick, onímọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan mẹ́rin ló yẹ ká wò: bó ṣe rí lára akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó kọ́, bí ìṣe rẹ̀ ṣe yí padà lẹ́nu iṣẹ́, àti àǹfààní tó ti ibẹ̀ jáde. Orí èkíní ni ọ̀pọ̀ máa ń dúró sí, wọ́n á sì pe ìyẹn ní àṣeyọrí. Ta ló ń padà lọ bi dírẹ́bà tàbí akọ̀wé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Bí ọ̀gá náà bá tiẹ̀ sàn sí i, ẹni tí wọ́n ti fojú sí lára tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rán lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò rán ńkọ́? Ṣé àwọn náà ò sàn sí i láìgba ẹ̀kọ́ kankan?

N kò sọ pé ẹ̀kọ́ kò wúlò rárá o. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí tó lé ní 300 jọ, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣaláìní, tí wọ́n pín ẹ̀kọ́ sí ìgbà púpọ̀, tí wọ́n sì ń sọ bó ṣe ń ṣe sí fún un. Bóyá tiyín náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé ìpolówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pín kiri wò ná.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n máa wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá yá. Bí wọ́n bá ń fi fọ́tò àwọn tó ti gbà á hàn yín, ẹ ní kí wọ́n pe àwọn akọ̀wé wọn wá.