Ẹ Gbé Ajá Yín Wá Kí Owó Tó Pé

Ìyá kan tó ń ta gààrí ní Sábó, Ṣágámù, gbé ajá wọn wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi ìró àǹkárá wé ajá náà bí ọmọ tuntun. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú, kò lè dìde, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá gbóhùn ìyá náà ló ń mi ìrù.

“Dókítà, ọjọ́ kẹwàá rèé tó ti ń mumi ṣáá. Àwọn ará ilé ní ó lóyún ni.”

Kì í ṣe oyún. Ọyún ló kún ilé ọmọ rẹ̀.

Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára abo ajá tó ti dàgbà tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ó sábà máa ń yọjú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn àsìkò tó wá akọ. Ajá á máa mumi ní àmujù, á máa tọ̀ léraléra, á máa bì, kò ní fẹ́ jẹun. Ti ẹlòmíràn, ọyún á máa jáde lójú ara. Èyí tí kò jáde ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ilé ọmọ lè bẹ́ sínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn tó dájú.

Nígbà tí mo dá iye owó, ìyá dákẹ́. Wọ́n tú nílọ́ọ̀nù dúdú kan, wọ́n ka ₦40,000 sórí tábìlì, igba-igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò tó ìdajì. “Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àjọ kàn mí, Dókítà.” Láti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti fẹ́ wá, ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n wá ra kápúsù ní kẹ́mísì. Ọjọ́ méje tí wọ́n fi dúró yẹn ló fi dírìpù ọjọ́ méjì kún owó wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín fún dókítà lójúkojú, kẹ́ ẹ bi í léèrè pé kí ló gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, kí ló lè dúró. Mo ti bá alájọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí, mo sì ti gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ ilé rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà nílé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwọ̀n ara la fi ń díwọ̀n oògùn, ìdí nìyẹn tí owó ajá ńlá fi ń ju ti kékeré lọ. Mi ò ní gbà kí a dín oògùn oorun tàbí oògùn ìrora kù. Ṣùgbọ́n ẹ lè tọ́jú ojú abẹ nílé dípò kí ajá sùn lọ́dọ̀ wa. Ike tí a ń fi sọ́rùn rẹ̀ kó má bàa lá ojú egbò, ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a gé ìdí rẹ̀ ṣe é. Oògùn ara ríro tiyín, pàápàá ibuprofen, ẹ má fún un rárá. Ó ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà la ṣiṣẹ́ abẹ fún Tanímọ̀la. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá tí a yọ òwú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ìyá mú káàdì àjọ tuntun jáde fi hàn mí, ₦500 lójúmọ́. Ọmọ Tanímọ̀la kan wà nílé, abo ni, wọ́n fẹ́ kí n yọ ilé ọmọ tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Orúkọ ajá kékeré náà ni wọ́n kọ sórí káàdì.