Aṣọ Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́: Ìtàn Òkìríkà

Gbogbo èbúté tí aṣọ àlòkù yìí bá gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ló sì máa ń tú àṣírí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ rò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ní Gánà, obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Ti Lómè ní Tógò kò jìnnà sí èyí: "dead yovo" ni tiwọn, òyìnbó sì ni wọ́n ń pè ní yovo. Lójú tiwọn, kò sí alààyè tó máa bọ́ aṣọ tó dára báyìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi tí ẹni tó ni ín bá ti sùn. Ní Zambia, salaula ni, kéèyàn máa tú òkìtì kiri kó lè ṣa èyí tó wù ú. Ní Kẹ́ńyà àti Tanzania, mitumba, ẹrù dídì. Ti Mozambique ló ká mi lára jù: calamidade, àjálù, nítorí pé aṣọ ìrànwọ́ nígbà ogun àti ìyàn ló kọ́kọ́ jẹ́ fún wọn.

Àwa ńkọ́? A kò bá òkú kankan da nǹkan pọ̀. Orúkọ ìlú la fi pè é: òkìríkà.

Okrika wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, erékùṣù àwọn ẹ̀yà Ijaw ni, kò sì jìnnà sí Port Harcourt tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté rẹ̀ ní 1913. Ohun tí àwọn tó dàgbà sídìí òwò yìí máa ń sọ ni pé ọ̀nà omi yẹn ni béèlì aṣọ kọ́kọ́ ń gbà wọlé, pé ẹni tó bá wọ nǹkan tí ojú kò rí rí, wọn á ní Òkìríkà ló ti rà á. Díẹ̀díẹ̀, ìlú di aṣọ. Mo máa ń ronú nípa ọmọ ìlú yẹn tó bá wá sí Èkó, tí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá, tó sì dáhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹ̀rín tí wọ́n á kọ́kọ́ fi dá a lóhùn kò ní ṣeé kà.

Kí ẹ má rò pé òyìnbó fúnra rẹ̀ kì í wọ àlòkù o. Kí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán gbogbo ẹ̀wù, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á. Bí kóòtù bá sú ọ̀gá, á gbé e fún ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ á tà á. Ẹni tó rà á á tún un tà nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní London, ọjà àlòkù gbòòrò ni Rag Fair tó wà ní Rosemary Lane jẹ́, Petticoat Lane náà sì wà ńbẹ̀. Ìgbà tí Isaac Singer gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1851, tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ wọ̀ǹtìwọnti, ni mẹ̀kúnnù níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí tuntun rà. Àlòkù wá pọ̀ nílé tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Salvation Army tí William Booth dá sílẹ̀ ní London ní 1865 wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù ni Edgar Helms, pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Boston. Ní 1902, ó gbé àpò, ó ń ti ilé olówó kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tọrọ aṣọ àti bàtà tó ti gbó. Nígbà tó kó o dé, kò pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé e fún àwọn aláìníṣẹ́ àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó tà á ní pọ́ọ́kú, ó sì fi owó rẹ̀ san owó iṣẹ́ wọn. Ohun tó di Goodwill, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ta àlòkù, nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín 1947 sí 1948 ni Oxfam, ẹgbẹ́ aláàánú kan, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Broad Street ní Oxford.

Aṣọ tí wọ́n ń kó wá wá pọ̀ ju èyí tí ṣọ́ọ̀bù lè tà lọ. Ìyókù yẹn ni oníṣòwò ń fi òṣùwọ̀n rà, kílò-kílò, tí wọ́n á ṣà á, tí ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ dan-in, tí wọ́n á fi ọ̀rá dì í, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹnì kan ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Manchester nìyẹn, tí èmi àti ìyá kan wá ń fa owó rẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́ ní Agége.

Ṣé kí òkìríkà tó dé, a kì í wọ aṣọ tó gbó ni? A ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ń fi àkísà yangàn ni. Ẹtù tí baba wọ̀ lọ síbi ìwúyè ni ọmọ ń jogún. Àdìrẹ tó bá ṣá, wọ́n á gbé e padà tọ aláró lọ kó tún un rẹ. Ẹ wo agọ̀ egúngún ilé yín: aṣọ tí ìran kan lẹ̀ mọ́ ọn ni ìran tó tẹ̀ lé e ń lẹ tirẹ̀ lé, àrán lórí òfì, dàmáàsìkì lórí àrán, títí tí kò fi sẹ́ni tó lè tọ́ka sí èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Gbígbó aṣọ kọ́ ló ń tì wá lójú nígbà náà. Ojúlùmọ̀ ni ẹtù baba mi, mo mọ ọrùn tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí? Kí ló ṣe é? Ṣé kò sí àrùn lára rẹ̀? Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa ń bi òkìríkà nìyẹn, èyí náà ló sì jẹ́ kí omi gbígbóná, iyọ̀ àti oòrùn ọjọ́ méjì di ètùtù tí aṣọ gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó wọlé. A sì ti ní òwe tó bá a wí ṣáájú: sòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ìgbà tí mo wà níléèwé, ẹni tí wọ́n bá pè ní "Òkìríkà" lójú àwọn ọmọbìnrin ti pàdánù ọ̀sẹ̀ yẹn.

Òfin náà kò fojú rere wò ó. Nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà, aṣọ àlòkù wà lára ẹrù tó léèwọ̀ pátápátá láti kó wọlé, òun àti ìlẹ̀kẹ̀ tó lè gbiná pẹ̀lú ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ átọ́míìkì wà nínú ìwé kan náà. Bẹ́ẹ̀ ẹ jáde sí títì, kẹ́ ẹ ka iye ọkùnrin tó wọ jíìnsì, kẹ́ ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rà á. Kùtọnu kò fòfin dè é ní tirẹ̀. Ẹrù á sọ̀ sí èbúté wọn, apá kan á dúró sí ọjà Missèbo, apá tó ṣe kókó á dojú kọ bodè Sẹ̀mẹ̀. Alẹ́ ni, ọ̀nà inú igbó ni, ọkọ̀ ojú ọ̀sà ni. Ọ̀rọ̀ wa fún un kò fara sin: fàyàwọ́.

Ohun tó wá sọ òkìríkà di aṣọ gbogbo ilé ni 1986. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ilẹ̀, nígbà tó fi máa di 1993 ó ti di bíi náírà 22 sí dọ́là kan. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fẹnu kan àlòkù rí wá ń yọ́ lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó máa rí wọn. Àsìkò yẹn náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbilẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, la fún ọkọ̀. Aṣọ kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà. Bẹ́ńdáwùn ni wọ́n pè é, kéèyàn tẹ̀ ba kó tó lè ṣà á. Àwọn kan ń pè é ní bọ́sìkọ́nà. Ìkọ̀kọ̀ lẹ ó gbọ́ nínú ìyẹn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òwò yìí kó jí lọ sí Kátángówà, lápá Agége, lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú béèlì. Béèlì kan lè wọ̀n tó kílò 55, wáyà tàbí ọ̀rá líle ló sì so ó mọ́ra. Ẹni tó ni ín ti sanwó tán kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí tẹ́tẹ́ ni. Gbàrà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan okùn rẹ̀, aṣọ á wú sókè bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà, òórùn rẹ̀ á sì kọlu imú: òórùn oògùn kòkòrò pọ̀ mọ́ ti yàrá tí wọ́n tì pa fún oṣù mẹ́fà. Àwọn obìnrin tó ti ń dúró á rọ́ lù ú. Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ kàn án ló ni ín. Wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á wo abíyá, wọ́n á yí kọ́là síta, wọ́n á fa sípù lẹ́ẹ̀kan, kó tó tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn àkọ́kọ́ yìí ló ń rí èyí tó dáa jù mú, owó tiwọn ló sì wọ́n jù. Bí oòrùn bá ṣe ń ga ni owó ń wálẹ̀, tó fi máa di òkìtì tí wọ́n ń pariwo iye rẹ̀ lé lórí.

Kóòtù òtútù ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí la fẹ́ fi kóòtù onírun ṣe l'Ékòó? Síbẹ̀ kì í ṣẹ́ kù. Àwọn ọlọ́kadà ló ń rà á, torí atẹ́gùn ìdájí ọyẹ́ lórí máṣìnnì kì í ṣe eré.

Aṣọ tó bá tóbi kò ní kó má ṣeé rà. Obíọmà wà fún ìyẹn, télọ̀ arìnrìn-àjò tó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, tó ń fi sísọ́ọ̀sì lu ara ẹ̀rọ náà kẹ́kẹ́kẹ́ kiri àdúgbò. Mo ti rí i tó sọ sòkòtò ọkùnrin di síkẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, lórí àpótí, láìwọn ẹni tó ni ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ibi tí ìtìjú ti di oge kò ṣẹ̀yìn òyìnbó náà. Láàárín 1960 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ London bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ wọ aṣọ àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Portobello Road tó ń ta aṣọ ológun àtijọ́. Jimi Hendrix, olórin onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, wọ irú rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ṣin olókùn wúrà, ó fi gun orí ìtàgé. Vintage ni wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn oníwáìnì. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí Instagram dé ni àwọn ọmọ tó ń jí lọ sí Kátángówà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohun tí wọ́n rà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní thrift. Aṣọ kan náà, láti béèlì kan náà. Orúkọ ló yí padà, owó sì tẹ̀ lé orúkọ.

Mi ò bá wọn jà, torí iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là máa ń ka aṣọ bí ìwé. Bí àmì ọrùn rẹ̀ bá kà pé Made in West Germany, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n rán an kí Jámánì méjèèjì tó di ọ̀kan ní October 1990. Bí etí ìsàlẹ̀ tíṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ojú okùn kan ṣoṣo dípò méjì, ó ṣeé ṣe kó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìmúpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó fẹ̀, tí wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀, lórí ìró àdìrẹ. Bùbá ìyá ẹni lórí jíìnsì tó ti ṣá. Èmi kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lára mi jẹ́ àlòkù lọ́jọ́ kan. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí mo mọ ẹni tó ni ín.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ní Ìsọlọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani máa ń kún, òkìtì òkìríkà sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní àdúgbò yẹn nígbà kan rí ni ọjà náà ń jẹ́. Bí mo bá ń ná ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, mo máa ń rántí ilé iṣẹ́ náà.

Ní ọdún tó kọjá, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì kan padà lọ sọ́jà tí mo ti rà á. Ìyá tó tà á fún mi mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ mí. Ó di etí rẹ̀ mú, ó yí i síta, ó wo ìránṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, èló ni mo tà á fún ẹ?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó pòṣé.

"Bọ́ ọ sílẹ̀, kí n fún ẹ ní ìlọ́po méjì."

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti di tèmi."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Láti ọjọ́ náà, kó tó dá owó lé ohunkóhun tí mo bá mú, ojú mi ló kọ́kọ́ ń wò.