Àgbò Tí A Ti Jẹ Tán Tó Ṣì Ń Jẹ Owó Oṣù

Bí àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù bá dún láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdajì owó náà ti lè lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ra nǹkan kan. Láti Tánkẹ̀ dé Adéwọlé, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ló mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni ibi tí gbèsè náà ti ṣẹ̀ wá, torí owó tí ilé ń ná lóṣù lè má ju owó tó ń wọlé lọ rárá.

Ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. ₦120,000 ló ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lóṣù, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ bá ti yọ tiwọn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000, nítorí náà ilé yìí kì í ṣe ilé tó kúṣẹ̀ẹ́ jù láàárín ìlú. Oúnjẹ, owó kórópe, gáàsì, owó iná, owó tí ọmọ ń mú lọ sí ilé kéwú: ₦3,900 lójúmọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí oṣù bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ₦117,000 nìyẹn. Ó yẹ kí ₦3,000 ṣẹ́ kù.

Kì í ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí owó wọlé, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ojúde ń retí ₦23,400 owó àwìn. Ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ ń retí ₦15,000. Áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí fóònù fẹ́ ₦20,000, òun kì í tiẹ̀ retí, ṣe ló ń fa tiẹ̀ yọ nínú àkáǹtì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦58,400. Èyí tó kù, ₦61,600, yóò gbọ́ bùkátà ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò ku ₦3,100 tí kò ní lo ọjọ́ kẹrìndínlógún tán. Láti ibẹ̀ dé òpin oṣù, ilé ṣì nílò ₦55,400. Ni wọ́n bá tún kó ọjà ₦23,400 láwìn, wọ́n tún yá ₦15,000 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan náà, áàpù sì fún wọn ní ₦17,000, ó kọ ₦20,000 sílẹ̀ pé òun ni wọ́n jẹ. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ₦58,400 ló tún pé yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì pé lóṣù tó ń bọ̀.

Àgbò Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn ló dá gbèsè yìí sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì owó oṣù kan bá owó àgbò lọ, oṣù náà kò délẹ̀ mọ́, wọ́n fi àwìn dí i. Wọ́n ti jẹ ẹran, wọ́n ti pín in fún aládùúgbò, ihò tó dá sílẹ̀ nínú oṣù ni kò kúrò. Kò fẹ̀ sí i, kò sì dí, ńṣe ni wọ́n ń gbé e láti oṣù dé oṣù. Gbígbé e yẹn náà sì ní owó ọ̀yà: ₦3,000 tó yẹ kó ṣẹ́ kù gan-an ni áàpù ń gbà. Oṣù mẹ́rìnlélógún sí i, ó ti gba ₦72,000 lórí ihò ₦55,400, gbèsè náà kò sì fi kọ́bọ̀ dín.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ máa wá ẹni tí yóò yá òun lówó sí i. Ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Ní ìlú tí kéwú ti gbilẹ̀ bí Ìlọrin, èyí kò yẹ kó ṣàjèjì. Aáyà 282 nínú Súrátù Bákárà, aáyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé, ó sì ní kí a má ṣe káàárẹ̀ láti kọ ọ́, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Síbẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló sábà máa ń ní ìwé. Ẹni tó jẹ gbèsè ń fi orí kọ tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣírò, Íńdómì ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọmọ sáré lọ gbà wà nínú ìwé ìyá oníṣọ́ọ̀bù, kò sí nínú orí bàbá, ó di ìjà.

Ìwé ilé kò gbọ́dọ̀ le. Ẹni tó bá pín ìnáwó sí ọ̀nà ogún kò ní kọ ọ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ojú ewé méjì tó: ohun tí a ná lónìí ní ọ̀tún, ohun tí a jẹ àti ẹni tí a jẹ ẹ́ ní òsì, pẹ̀lú ọjọ́. Àlẹ́ ni kí a kọ ọ́, kí a tó sùn. Àwọn kan gbà pé àlẹ́ẹ̀tì báńkì ti tó ìwé. Kò tó o. Ẹni tó fi káàdì gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS ní Ọjà Ọba yóò rí ₦10,000 lórí fóònù, àmọ́ fóònù kò mọ̀ pé ìrẹsì kóńgò kan ni, pé wàrà ni, pé àbúrò ìyàwó kan ló ní kí wọ́n fún òun lówó ọkọ̀. Ibi tí owó bá ti di bébà lọ́wọ́ ni ìrántí ti ń kú.

Bí ìwé bá ti pé oṣù kan, ọjọ́ tí àpò gbẹ yóò hàn, iye ihò náà yóò sì hàn. Nígbà náà ni a lè wo gbèsè kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe rí, torí gbèsè kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Owó ọ̀rẹ́ kò ní èlé, ojú ló ń tini. Àwìn ṣọ́ọ̀bù kì í pe èlé ní èlé. Inú iye ọjà ló fi í pamọ́ sí, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò sì lẹ́nu láti ná ọjà. Ti áàpù ló wọ́n jù: ₦3,000 lórí ₦17,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré! Òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ san kúrò pátápátá, àmọ́ ẹni tó ń pariwo jù ni a sábà máa ń kọ́kọ́ san.

Áàpù mọ ariwo lílò yẹn dáadáa. Láyé àtijọ́, olówó á rán ológò lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa bú wọn, á máa pa adìyẹ wọn jẹ, títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sí àna ẹni àti ọ̀gá ẹni kò yàtọ̀ sí ológò. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, ìdójútini bẹ́ẹ̀ kò sì bófin mu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun lè yí àkáǹtì owó oṣù padà kí òun sá. Láti Oṣù Kẹjọ 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI: báńkì tó yáni lówó lè yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì ẹni ní báńkì mìíràn tó bá wà lábẹ́ BVN kan náà.

Ẹlòmíràn á ní kí òun gba lóònù ńlá kan kí òun fi pa gbogbo kéékèèké rẹ́. Ó lè dára, bí a bá béèrè ìbéèrè kan: orí kí ni ẹ ti ń ṣírò èlé? Ká ní ₦200,000 ni, oṣù mẹ́fà, èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí ₦200,000 títí dé ìparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ń san án díẹ̀díẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí èyí tó kù nílẹ̀ nìkan, ₦35,000 ni. Ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń sọ pé "márùn-ún péré ni". Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí kì í gba èlé ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀: wọn á ra nǹkan náà, wọn á gbé èrè lé e, wọn á tà á fúnni, a ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó dára fún fíríìjì tàbí ọ̀kadà, kò ṣeé fi dí ihò oúnjẹ.

Dídí ihò náà gan-an kò ní idán. ₦300 lójúmọ́ tí ìwé bá fi hàn pé a lè dá dúró jẹ́ ₦9,000 lóṣù. Ẹ̀yìn ìgbà tí áàpù bá ti kúrò nílẹ̀, ₦3,000 tirẹ̀ á kún un, ó di ₦12,000, kò sì ní gbà ju oṣù márùn-ún lọ kí ₦55,400 tó tán. Oṣù àkọ́kọ́ ló nira. Ọ̀nà tó rọrùn jù níbẹ̀ ni kí a bá oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fa ìlà sábẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Mo máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣooṣù níbẹ̀ títí á fi tán. Láti òní lọ, èyí tí mo bá gbà láwìn lóṣù, lọ́jọ́ owó oṣù ni mo máa san án tán." ₦18,400 tí kò lọ lọ́jọ́ owó oṣù á ti wà lọ́wọ́, áàpù ò sì níṣẹ́ mọ́.

Àgbò mìíràn sì ń bọ̀, pẹ̀lú wòlímọ̀ àti owó ilé ìwé. Ọdọọdún ni ìwọ̀nyí ń dé, síbẹ̀ wọ́n ń bá wa lójijì. Àjọ ojoojúmọ́ ni ìlú fi ń gbà wọ́n: ₦500 lójúmọ́, kí alájọ mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí ọ̀yà rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀yà ni a ń san kí ẹlòmíràn lè bá wa gba owó wa lọ́wọ́ ara wa. Ti èésú yàtọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yáwó láìsí èlé, ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ló ń yá àwọn yòókù. Ilé tí ihò wà nínú oṣù rẹ̀ ni kó bẹ̀ wọ́n fún ọwọ́ iwájú.