Ẹsẹ̀ Hilux Olóko: Èwo Ni Ká Rà, Èwo Ni Ká Rọ?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé ẹsẹ̀ Hilux yín lórí, ìyẹn sípíríńgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn irin tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka àpò kòkó tí ẹ ń dì sẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí àpò mẹ́rìndínlógún ló ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ Hilux ni wọn kò ṣe fún ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà lọ, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Tí dẹ́rẹ́bà àti òṣìṣẹ́ oko mẹ́rin bá jókòó, tí ẹ fojú bù wọ́n sí kìlò 70 lọ́kọ̀ọ̀kan, kìlò 350 ti lọ. Ohun tó kù kò ju àpò mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀ à ń rí i tí wọ́n ń di ogún àpò láti Ìdànrè wọ Àkúrẹ́, tí ọmọkùnrin méjì tún gorí ẹ̀ jókòó. Kò sí irin tí a lè rà, kò sí èyí tí a lè rọ, tó máa sọ Hilux di agbégilódò.

Ẹni tó ti dín ẹrù rẹ̀ kù, tí ọ̀nà oko ṣì ń tú ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ká, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Ọ̀gá, ṣé ká ra irin ìtìlẹ́yìn yìí ni, àbí kí ẹ bá wa rọ ọ́?" Owó ni wọ́n fẹ́ kí n fi dáhùn. Iṣẹ́ tí irin náà fẹ́ ṣe ni èmi fi ń dáhùn. Irin tó ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò, tó ń yí, tàbí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yà bó bá fi lè dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ rà á. Èyí tó kàn dúró gbọin sójú kan tó ń gba ìyà ẹlòmíràn jẹ, jórinjórin tó mọṣẹ́ lè rọ ọ́ fún yín ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú sípíríńgì ẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì. Irin géètì máa ń tẹ̀ láìpadà tí agbára tó dé bá a bá tó nǹkan bíi 250 nínú ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní MPa; irin sípíríńgì tí wọ́n ti fi iná àti epo tọ́jú máa ń kọjá 1,000 kó tó gbà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Sípíríńgì lọ́rì tó ti kú ni wọ́n ń wá kiri láti fi rọ àdá, torí ojú rẹ̀ kì í tètè kú. Wọ́n sì mọ̀ pé tó bá ti wọná tó pọ́n, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àfi tí wọ́n bá tún rì í bọ omi tàbí epo.

Nítorí náà, ẹni tó gbé sípíríńgì tó ṣẹ́ lọ fún jórinjórin pé kó jó o pọ̀ ti sọ owó nù. Ibi tí iná gbà gan-an á tutù kíákíá, á le gan, á sì máa fọ́ bí àwo tánganran. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ooru kàn dé á rọ̀. Kì í pẹ́ ṣẹ́. Kódà tí wọ́n bá ń jó nǹkan mìíràn nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù tàbí pákó bò ó kí iná má baà ta sí i lára, torí ojú kékeré tí iná bá ti bà á ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Fífi irin pẹlẹbẹ kan kún un ń kọ́? Àwọn oníṣẹ́ sípíríńgì máa ń yọ ọ̀kan lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á fi òòlù lù ú títí yóò fi bá tiyín mu, wọ́n á sì kì í sáàárín. Mi ò lòdì sí i bí fífẹ̀ rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú tiyín, tí wọn kò sì kì í bọ iná. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ rà: ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní wó lulẹ̀ mọ́, àmọ́ bíréèkì, bẹ́árìn àti ásùlù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò lágbára ju ti àná lọ. Ìyà tí sípíríńgì ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá sún lọ bá ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ṣáásì, irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ pé ẹrù kan náà lẹ ń gbé lọ́dọọdún, ó sàn kí ẹ ra sípíríńgì tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn ARB ti ilẹ̀ Ọsirélíà, tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1975, ń ta sípíríńgì Old Man Emu gẹ́gẹ́ bí iye kìlò tó máa ń wà lórí ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má fi fáàrí ra èyí tó le jù. Ọkọ̀ tó ń lọ sóko lófìfo tó bá gbé irú rẹ̀ á máa ta gbọ́n-ọn gbọ́n-ọn títí egungun ẹ̀yìn yín á fi máa dùn yín.

Ẹni tó bá ń lo Tacoma tọ́kúnbọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2014, Toyota pe Tacoma 2005 sí 2011 tó lé ní 600,000 padà ní Amẹ́ríkà, torí pé sípíríńgì ẹ̀yìn wọn lè ṣẹ́ tí ìpáàrà bá ti jẹ ẹ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló ń fà á, kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ẹ fi òòlù kékeré gbá ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ẹ tó dárúkọ irin ìtìlẹ́yìn rárá. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti kú, tí ìpáàrà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, kò sí ohun tí ẹ máa jó mọ́ ọn tí yóò mú.

Ibi tí mi ò ti gba àròyé rárá ni yú-bóòtù. Òun ló di sípíríńgì mọ́ ásùlù. Tó bá dẹ̀, sípíríńgì á máa rìn lórí ásùlù, bóòtù tó la àárín sípíríńgì já á gé, ásùlù ẹ̀yìn á sì yà sẹ́yìn lápá kan lójú eré. Síbẹ̀ mo ń rí yú-bóòtù tí wọ́n fi irin onísíkúrúù gígùn ṣe, irú èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ sílíìnì. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi iná pọ́n ọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, ó di ọjà. Irú irin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 4.6 tàbí 4.8, kó tó di pé wọ́n tún fi iná bà á jẹ́. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ wo orí bóòtù ojúlówó: 8.8 túmọ̀ sí pé yóò gba 800 MPa kó tó já, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 640. 10.9 jẹ́ 1,000 àti 900. Èmi kì í fi ohun tó kéré sí 8.8 sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, kó lọ máa di pátákó mọ́ ògiri. Yú-bóòtù tí ẹ bá sì ti tú sílẹ̀, ẹ má dá a padà, torí ó ti nà. Tuntun ni kí ẹ lò, tòun ti nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ti iwájú ọkọ̀ kò gùn. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin tó gbé e, tí wọ́n ń pè ní áàmù), bọ́ṣìn (rọ́bà inú oríkèé), ṣọ́ọ̀kì, ẹ ra gbogbo wọn. Ẹni tó ń gun Toyota 4Runner 1996 sí 2002 kó má fi ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ṣeré rárá, torí bí wọ́n ṣe gbé e sí, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń fà á yọ dípò kó máa tì í wọlé. Tó bá ti jẹ tán, táyà á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Àwọn tó ń jó bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti ń mì mọ́ lówà áàmù, ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń hù lójú tèmi.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ràn láti rọ. Àkọ́kọ́ ni irin tó ń bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Irin pẹlẹbẹ mílímítà 4 tàbí 5 tó. Ẹ tẹ etí iwájú rẹ̀ sókè kó lè yọ̀ lórí òkúta dípò kó kọ́ ọ, ẹ sì fi bóòtù dè é mọ́ ihò tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe sára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ dá ihò sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì, ẹ dá òmíràn fún omi àti ẹrẹ̀. Jórinjórin kì í rántí ihò ọ́ìlì yẹn àfi tí ẹ bá dúró tì í, mẹkáníìkì tó bá wá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì á sì máa ṣépè fún gbogbo yín. Ẹ ò nílò láti ra eléyìí lókè òkun. Àpáta Ìdànrè kò mọ èyí tó bá bàálù wá yàtọ̀.

Èkejì ni irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń fi ti igun ibi tí ṣọ́ọ̀kì tàbí sípíríńgì ti so mọ́ ṣáásì. Níbí, àníjù ló ń bà á jẹ́. Irin tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ṣáásì kò gbọdọ̀ nípọn ju ṣáásì fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ibi tí irin líle bá parí sí ni ṣáásì yóò ti máa tẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti là. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, kí ìlà ìjórin má ṣe dá ṣáásì kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí ṣáásì àti abẹ́ rẹ̀, ẹ má jó nǹkan mọ́ ọn, ẹ má lu ihò sí i. Ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí jù.

Tí ṣáásì bá ti là, ẹ má kàn lẹ irin bò ó. Kí wọ́n fi dírílì lu ihò kékeré sí ibi tí lílà náà parí sí kó má baà rìn síwájú, kí wọ́n fi fáìlì la ojú rẹ̀ bíi lẹ́tà V, kí wọ́n jó o kún, kí wọ́n fá a dọ́gba. Ìgbà náà ni irin ìtìlẹ́yìn tó kàn. Kí ẹ sì wádìí ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà tó yẹ kó gba ásùlù kó tó gbá ṣáásì ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ yín lónìí, ẹ ó rí i bóyá ó wà. Òun ni ìtìlẹ́yìn tó pọ̀kú jù tí mo mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí wọ́n ń kì sáàárín ásùlù àti ṣáásì, ni gbogbo wọn ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù kà lára ṣáásì tí sípíríńgì ń pín sí méjì tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ṣáásì wọn ti tẹ̀ nítorí rẹ̀ ní Ọsirélíà níbi tí wọ́n ti ń lò ó gan-an.

Báwo lẹ ṣe máa mọ jórinjórin tó mọṣẹ́? Ẹ má bi í. Ẹ fún un ní ìgékù irin méjì, kó fi ọ̀kan dúró lórí ìkejì bíi lẹ́tà T, kó jó ẹ̀gbẹ́ kan péré. Tó bá tutù, ẹ fi òòlù ńlá lu èyí tó dúró láti ẹ̀gbẹ́ tí wọn kò jó, kó wó lé ojú ìjórin lórí. Tó bá ṣí, ẹ wo inú rẹ̀. Ihò wínníwínní tàbí ìdàrọ́ tó há sínú kò dáa. Tí irin ìsàlẹ̀ bá sì mọ́ roro, a jẹ́ pé ńṣe ló kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá bínú pé ẹ dán òun wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ tún wo páálí ẹlẹ́tíróòdù rẹ̀, ọ̀pá tó fi ń jórin; nọ́ńbà irú rẹ̀ wà lára páálí. 6013 ló wọ́pọ̀, ó sì tó fún irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Fún ibi tó ń gbé ìwúwo, 7018 ni mo ń lò, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Páálí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ nínú òjò Àkúrẹ́ láti oṣù Kẹfà, omi tó ti fà á máa kó háídírójìn wọ inú irin, ojú ìjórin á sì là lẹ́yìn tó ti tutù tán. Ẹ ra páálí tuntun fún iṣẹ́ yín. Ihò bóòtù, dírílì ni kí wọ́n fi lù ú. Èyí tí wọ́n bá fi iná yọ, bóòtù á máa mì nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó tan iná rárá, kí wọ́n tú orí bátìrì méjèèjì, kí wọ́n sì fi wáyà ilẹ̀ mú irin tí wọ́n ń jó gan-an. Tí iná bá gba inú bẹ́árìn tàbí bíréènì ọkọ̀ (kọ̀ǹpútà rẹ̀) kọjá, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ ti wọgbó.

Ṣákù tó so etí ẹ̀yìn sípíríńgì mọ́ ṣáásì ló wà láàárín méjèèjì. Wọ́n lè rọ ọ́, tí irin rẹ̀ bá ki, tí ihò rẹ̀ dọ́gba, tí wọ́n sì fi irin dábùú so apá méjèèjì pọ̀ kó má baà fì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n fi ínǹṣì méjì gùn ún, ínǹṣì kan péré ni ọkọ̀ máa fi ga. Fún èrè yẹn, èmi a rà á.

Ti owó náà nìyí: ẹni tó ń rọ nǹkan lásìkò kòkó kó ka ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró mọ́ owó irin àti ẹlẹ́tíróòdù. Ẹni tó ń lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó kó mú ògbólógbòó tó tú lára ọkọ̀ dání, kó gbé méjèèjì sọ́wọ́, kó fi wọ́n wéra.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó jókòó lé. Tí ẹ bá ti rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 500, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ tún yú-bóòtù fún, kódà bí ìlà kò bá tíì yà. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti yà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pààrọ̀ nọ́ọ̀tì rẹ̀.